Àkànní Wà Lọ́nà

Bí ẹ bá gba òpópó Ìkòsì láti Ketu, tí ẹ kọjá ibi tí wọ́n ti ń ta táyà àlòkù, ẹ ó rí ṣọ́ọ̀bù méjì tó fara ti ara wọn. Èyí tó wà lápá ọ̀tún, tí ẹ̀rọ fọ́tòkópì ń kùn nínú rẹ̀ láti àárọ̀, tèmi ni. Èyí tó wà lápá òsì, tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ “A Ń Tún Fóònù Ṣe” sí iwájú rẹ̀, ti Oyèṣọlá ni. Ọdún mẹ́fà gbáko la ti jọ ń pín ògiri kan. Pákó ni ògiri náà, kò sì nípọn, nítorí náà kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún tí etí mi kì í tó.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó ń bí mi nínú sílẹ̀ ná. Oyèṣọlá mọ iṣẹ́. Fóònù tí ọkùnrin mẹ́ta ti tú, tí wọn ò mọ bí wọ́n ṣe máa dè é padà, á gbà á lọ́wọ́ wọn, á fẹ́ atẹ́gùn sí i, á fi irin jó ohun kékeré kan tí ojú tèmi ò rí, iná á tàn. Ṣùgbọ́n bí oníbàárà bá wọlé, tó wo ọ̀tún wo òsì, tó ní, “Ọ̀gá ńkọ́?”, ohun tí Oyèṣọlá máa ń sọ ni pé, “Ọ̀gá ti jáde. Ẹ fi sílẹ̀, wọ́n á ṣe é tí wọ́n bá dé.” Kò sí ọ̀gá kankan níbì kan. Òun ló gba ṣọ́ọ̀bù, òun ló ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gbálẹ̀. Bí oníbàárà bá ti lọ, á tún fóònù náà ṣe láàárín ogún ìṣẹ́jú, á wá gbé e pamọ́ di ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n lè rò pé ọ̀gá ti dé.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gbọ́ ọ, mo kọjá lọ bá a.

“Oyèṣọlá, ọ̀gá wo?”

“Mummy Tiwa, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre. Tí mo bá ní èmi ni, wọ́n á gbé fóònù wọn lọ. Iṣẹ́ ni mo fẹ́, mi ò fẹ́ yẹ̀yẹ́.”

Kì í ṣe Ketu ló ti kọ́ ìwà yìí. Bàbá rẹ̀ ń tún rédíò ṣe ní Ìsẹ́yìn. Ọmọbìnrin mẹ́ta ni bàbá náà bí, Oyèṣọlá tó jẹ́ àbígbẹ̀yìn ló sì jókòó tì í nídìí iṣẹ́. Nígbà tó fi máa pé ọmọ ọdún méjìlá, ojú bàbá ti ń ṣe bàìbàì, ó wá jẹ́ pé ọwọ́ ọmọ yìí ló ń so wáyà pọ̀. Bí àwọn tó ni rédíò bá dé, wọ́n á gbé e sétí, wọ́n á ní, “Àkànní, o ṣeun, ọwọ́ ẹ ò ní bàjẹ́.” Bàbá á rẹ́rìn-ín, á ṣe àmín. Oyèṣọlá á wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, á máa gbọ́. Ó sọ ọ́ fún mi bí ìtàn tó dùn, àmọ́ èmi tí mo ń gbọ́ ọ, ó ká mi lára.

Nígbà tó yá ni géèmù wọlé dé, orí fóònù náà ni. Ìlú kan ló wà nínú rẹ̀, odi yí i ká, ọ̀tá sì wà lẹ́yìn odi. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ìlú náà á kọ́kọ́ mọ ara rẹ̀ bó bá ṣe wù ú. Á yan ojú, á yan irun, á yan aṣọ, á sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Ohun tí wọ́n sì máa ń bi í ṣáájú gbogbo ìyẹn ni pé, ṣé ọkùnrin ni àbí obìnrin? Lẹ́yìn náà ni á wá pàdé àwọn ènìyàn gidi níbẹ̀, àwọn tó jókòó sílé wọn káàkiri tí wọ́n ń ta géèmù kan náà. Wọ́n á kó ẹgbẹ́ jọ, wọ́n á jọ jagun, wọ́n á máa kọ̀wé síra wọn.

Obìnrin ni Oyèṣọlá kọ́kọ́ yàn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ló lò. Ọkùnrin kan ní kó fi fọ́tò ránṣẹ́. Òmíràn ní kó dúró lẹ́yìn, kó máa wo ọgbẹ́ àwọn tó ń jà. Bó bá ní ọ̀nà báyìí ni kí wọ́n gbà, kò sẹ́ni tó máa dá a lóhùn, àfi kí ẹlòmíràn tún ọ̀rọ̀ kan náà sọ, kí wọ́n wá máa kígbe pé, “Ọ̀gá, o gbọ́n o!” Lọ́jọ́ kan ó pa obìnrin náà rẹ́, ó sì mọ ọkùnrin kan. Àyà gbàǹgbà, irùngbọ̀n dé ọrùn, àpá ogun lẹ́rẹ̀kẹ́. Ó fún un ní oríkì bàbá rẹ̀, ó pè é ní Àkànní. Kí oṣù méjì tó pé, Àkànní ti di olórí ogójì ènìyàn.

Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí. Tí mo bá fẹ́ bu omi lọ́wọ́ rẹ̀, màá ní, “Bàbá onírùngbọ̀n, ẹ fún wa lómi mu.” Òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n mo rí i pé lọ́sàn-án tí oníbàárà kò bá sí, bó bá ti di fóònù yẹn mú, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà. Oyèṣọlá tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni ń tọrọ àforíjì á bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ. Kò sẹ́ni tó bi Àkànní pé ọ̀gá rẹ̀ dà. Ó yé mi, mi ò ní purọ́. Bó bá jẹ́ èmi, bóyá èmi náà ìbá ṣe bẹ́ẹ̀.

Ohùn nìkan ni kò lè lò. Bí àwọn yòókù bá ní kó sọ̀rọ̀ kí àwọn gbọ́, á kọ ọ́ pé maíìkì fóònù òun ti bàjẹ́. Ọdún méjì ni maíìkì oníṣẹ́ fóònù fi bàjẹ́, tí kò rí ẹni bá a tún un ṣe!

Nínú ẹgbẹ́ yẹn ni Kàmọ́rù wà. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni, ó wá láti Ìgbóhò, yanrìn ló ń wà nínú odò ní Agboyi. Ìyá rẹ̀ kú sí orí ìkúnlẹ̀ rẹ̀, bàbá rẹ̀ tẹ̀ lé e láìpẹ́, ìyá àgbà tó wò ó dàgbà náà sì ti lọ. Kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àbúrò. Nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́, ṣe ló máa ń sáré wọ àárín ọ̀tá lóun nìkan, wọ́n á sì pa á. Lọ́jọ́ kan Àkànní kọ̀wé sí i pé, “Àbúrò, dúró dè wá. A ò ní sá fi ọ́ sílẹ̀.” Kàmọ́rù kọ ọ́ padà pé, “Kò sẹ́ni tó pè mí ní àbúrò rí.” Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Láti ọjọ́ náà, kò sí ohun tí Kàmọ́rù kì í bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ gbóná, tó ń fi àgbo tan ara rẹ̀ jẹ, ẹ̀gbọ́n ló lé e lọ sí ọsibítù. Nígbà tó bá Bàbá Múdàṣírù jà, ìyẹn bàbá tó ni ọkọ̀ ojú omi tó fi ń ṣiṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ló ní kó lọ dọ̀bálẹ̀ kílẹ̀ tó ṣú. Nígbà tó sì rí Faridah, ọmọ onílẹ̀ kan ní Ìkòsì tó ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́léósinmi, ẹ̀gbọ́n náà ló sá tọ̀. Ó ti kọ lẹ́tà gígùn kan sílẹ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́, òṣùpá wà nínú rẹ̀, ìràwọ̀ wà nínú rẹ̀. Àkànní ní, “Pa ìyẹn rẹ́. Béèrè bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe lọ lónìí, kí o wá dákẹ́, kí o gbọ́ ọ.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà ni Kàmọ́rù kọ̀wé pé, “Ẹ̀gbọ́n, irú ọkùnrin bíi tiyín ṣọ̀wọ́n o! Báwo lẹ ṣe mọ inú obìnrin tó báyìí?” Oyèṣọlá kà á sí mi létí láti ẹ̀yìn ògiri. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú wa.

Lẹ́yìn èyí ni fóònù Kàmọ́rù já bọ́ sínú odò. Ó yá ti ẹlòmíràn, ó wọ géèmù, ó ké sí ẹ̀gbọ́n. Àkànní kọ ọ́ pé, “Lọ bá obìnrin kan ní òpópó Ìkòsì, ọwọ́ rẹ̀ dáa,” ó sì júwe ṣọ́ọ̀bù ara rẹ̀ fún un. Mo bi Oyèṣọlá ìdí tó fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ fojú rí i ni.

Ọmọ náà dé lọ́jọ́ kejì. Ó ga, kò sanra, omi odò ti sọ ojú rẹ̀ di pípọ́n. Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ “Ọ̀gá ńkọ́?”, àmọ́ kò sọ ọ́. Ó tẹríba níwájú Oyèṣọlá, ó na fóònù sí i.

“Ẹ káàsán, Aunty. Ẹ̀gbọ́n mi ló ní kí n wá bá yín. Wọ́n ní kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ tó yín.”

Nínú gbogbo oníbàárà tí mo ti rí ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, òun nìkan ni kò wá ọ̀gá kiri. Ó jókòó sórí àpótí, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ bó ṣe ń tú fóònù náà, ó ń sọ̀rọ̀.

“Aunty, ṣé ẹ mọ ẹ̀gbọ́n mi náà? Àkànní?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Irú èèyàn wo ni wọ́n? Èmi ò tíì rí wọn rí o, online la ti mọra. Àmọ́ ẹni tó bí mi ò lè ṣe ju bí wọ́n ṣe ń ṣe fún mi lọ.”

Mo ti dá ẹ̀rọ mi dúró, mo ń retí kí Oyèṣọlá ní òun ni. Ta ni ìbá bínú níjọ́ yẹn? Ẹ̀rín ni wọn ìbá rín. Oyèṣọlá tẹjú mọ́ bọ́ọ̀tù kékeré tó fẹ́ fi de fóònù náà, ó ní, “Èèyàn dáadáa ni.” Ó tún fóònù náà ṣe, Kàmọ́rù dúpẹ́, ó lọ. Nígbà tí mo bi í pé kí ló dé, ó ní, “Mummy Tiwa, tó bá mọ̀ pé èmi ni, ṣé á ṣì máa gbọ́ tèmi?”

Lẹ́yìn ọdún Iléyá ni bàbá Faridah ránṣẹ́ pe Kàmọ́rù. Alhaji Abdulrauf ni orúkọ bàbá náà. Ó ní òun ò kọ̀ ọ́ nítorí iṣẹ́ yanrìn, iṣẹ́ ọwọ́ kò burú, ṣùgbọ́n ẹnìkan kì í dá lọ tọrọ ìyàwó. Faridah ti ròyìn ẹ̀gbọ́n kan fún òun, tó ń tọ́ Kàmọ́rù sọ́nà. Ẹ̀gbọ́n yẹn lòun fẹ́ rí. Ẹni tó bá lè dúró níwájú ẹbí òun, kó ní “Mo mọ ọmọ yìí, èmi ni kẹ́ ẹ bi tó bá ṣìwà hù,” òun lòun máa fi ọmọ òun lé lọ́wọ́.

Kàmọ́rù kọ ọ́ sí Àkànní bí wọ́n ṣe sọ ọ́ gan-an. Ó wá fi kún un pé, “Ẹ̀gbọ́n, Sọ́ńdè tó ń bọ̀, aago méjì ọ̀sán. Bàbá Múdàṣírù á bá mi lọ, àmọ́ ẹ̀yin ni wọ́n béèrè. Mi ò ní ẹlòmíràn. Ẹ jọ̀ọ́.”

Oyèṣọlá kọ ọ́ padà pé, “Màá wá.” Inú rẹ̀ ló dùn, ọwọ́ rẹ̀ sì dáhùn kí orí rẹ̀ tó dé ibẹ̀.

Ní Fúráìdè, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó. Ó ní òun ti rò ó. Òun á sọ òtítọ́ fún Kàmọ́rù lọ́jọ́ kejì, òun á sì lọ lọ́jọ́ Sọ́ńdè bí òun ṣe rí, pẹ̀lú ìró àti bùbá. Òun ti lọ aṣọ náà pàápàá.

Ibí yìí lọ̀rọ̀ ti kàn mí. Ẹnu mi yìí ló ṣe é. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ṣé orí ẹ pé báyìí? Obìnrin wo lo rí tó lọ ń tọrọ ìyàwó fún ọkùnrin tí wọn ò bá tan? Onílẹ̀ Ìkòsì lo fẹ́ lọ bá ṣeré? Wọ́n á ní ọ̀rẹ́bìnrin ẹ̀ ni ẹ́, tó wá fi ojú àwọn gbolẹ̀. Wọ́n á lé ẹ̀yin méjèèjì síta. Abeg, kọ ọ́ sí i pé ara Àkànní ò yá. Bàbá tó ń bá ṣiṣẹ́ ti tó.”

“Tí wọn ò bá gbà ńkọ́?”

“Wọ́n á gbà.”

Èmi tí mi ò mọ ilé wọn. Èmi tí mi ò rí Alhaji rí. Èmi yìí náà ni mo ní wọ́n á gbà.

Kò kọ àìsàn sí i, kò sì sọ òtítọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Sọ́ńdè, ó wá kan ilẹ̀kùn ilé mi ní aago kan ààbọ̀. Ó wọ aṣọ aláwọ̀ ewé tó ti lọ̀, ó we gèlè. Ó ní, “Ẹ sìn mí lọ. Bóyá tí mo bá débẹ̀, ẹnu mi á là.” Mo sìn ín lọ.

Igi kan wà lódìkejì ilé Alhaji, abẹ́ rẹ̀ la dúró sí. Kàmọ́rù ti dé. Ó wọ funfun látòkè délẹ̀, fìlà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, agbọ̀n èso wà lọ́wọ́ rẹ̀, Bàbá Múdàṣírù sì dúró tì í nínú aṣọ tó ti pẹ́ tó ti wà nínú àpótí. Kàmọ́rù ń wo òkè títì, ó ń wo ìsàlẹ̀. Fóònù Oyèṣọlá gbọ̀n.

“Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ dé?”

Mo rí i bó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, n ò sì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó kọ ọ́ pé, “Mo wà lọ́nà.”

Lódìkejì títì, Kàmọ́rù ka ọ̀rọ̀ náà, ó rẹ́rìn-ín. Ó fi hàn Bàbá Múdàṣírù, ó sọ fún àwọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n sì mú wọn wọlé. Aago méjì kọjá. Aago méjì ààbọ̀ kọjá. Fóònù tún gbọ̀n: “Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń bi mí o.” Oyèṣọlá ò fèsì. Gèlè rẹ̀ ti ń tú, òógùn bò ó. Nígbà tó kù díẹ̀ kí aago mẹ́ta lù, Kàmọ́rù jáde wá, ó tún wo títì, ojú rẹ̀ wá bọ́ sára wa. Ó sáré kọjá wá bá wa.

“Aunty! Ẹ káàsán mà. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ rí ẹ̀gbọ́n mi lónìí? Wọ́n ní àwọn wà lọ́nà.”

Oyèṣọlá la ẹnu. Ọ̀rọ̀ náà ti dé etí ètè rẹ̀, mo rí i níbẹ̀. Èmi ni mo fi èékánná já a lápá.

“Rárá o,” ó ní. “Mi ò rí wọn.”

“Ẹ ṣeun, Aunty.” Ó tún sáré padà.

Kò pẹ́ tí Alhaji fi sin wọ́n jáde. Kò pariwo, ìyẹn ló sì burú níbẹ̀. Ó ní, “Ọmọ yìí, aago mẹ́ta ti lù. Ẹ̀gbọ́n tó ti wà lọ́nà láti aago méjì, ṣé ó wà láyé? Mo bi ẹ́ ibi tó ń gbé, o ò mọ̀ ọ́n. Mo ní kó o pè é, o ní kì í sọ̀rọ̀. Bó o bá lè fẹnu bí ẹ̀gbọ́n lónìí, kí lo máa fẹnu bí fún ọmọ mi lọ́la?” Bàbá Múdàṣírù, bàbá arúgbó yẹn, dọ̀bálẹ̀ sínú eruku, ó ń bẹ̀ wọ́n. Wọ́n gbé e dìde tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, wọ́n sì dá agbọ̀n wọn padà fún wọn. Kàmọ́rù gbé agbọ̀n náà lé èjìká. Bó ṣe ń lọ, ó ṣì ń bojú wẹ̀yìn wo títì.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ó kọ̀wé. Ẹ má rò pé èébú ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ṣé kò sí o? Ọkàn mi ò balẹ̀. Ṣé kò sí ohun tó ṣe yín lọ́nà?”

Ó ń ronú pé jàǹbá ọkọ̀ ló ṣe é! Lọ́jọ́ kejì ó tún béèrè, ó ní òun ti ń gbàdúrà. Lọ́jọ́ kẹta bẹ́ẹ̀ náà ni. Oyèṣọlá á wọ géèmù, á kà á, á bẹ̀rẹ̀ ìdáhùn, á pa á rẹ́. Ó gbàgbé pé géèmù náà máa ń fi hàn bí èèyàn bá wọlé. Lọ́jọ́ kẹrin, Kàmọ́rù kọ ọ́ pé, “Mo rí i pé ẹ wọlé lánàá àti lónìí. Àlàáfíà lẹ wà. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n.” Ó wá pa ara rẹ̀ rẹ́ kúrò nínú ìlú náà.

Ìgbà yẹn ni Oyèṣọlá wá sáré. Nọ́ńbà tí Kàmọ́rù fi sílẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gbé fóònù wá kò lọ mọ́. Ó wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Agboyi, èmi náà bá a lọ. Bàbá Múdàṣírù ní ọmọ náà ti kó ẹrù rẹ̀, ó ní òun ń lọ sókè, kò sọ ìlú. Bàbá náà wò wá, ó ní, “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?” A padà sínú ọkọ̀ ojú omi.

Oṣù mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni òjò ọ̀sán kan lé obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù Oyèṣọlá, ojú fóònù rẹ̀ ti fọ́. Mo wà níbẹ̀, mo wá yá sítépílà. Mo mọ ojú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí ó wà lára àwọn tó gbé Bàbá Múdàṣírù dìde. Ìyá Faridah ni.

“Ọ̀gá ńkọ́?” ló ní.

“Ọ̀gá ti jáde, Alhaja,” ni Oyèṣọlá wí. Ó gba fóònù náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tú u.

Òjò ò jẹ́ kí Alhaja lọ, ó jókòó. Ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ìyá dáadáa ni. Ó ní ọmọ òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣègbéyàwó sí Mende ló fọ́ fóònù náà mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní ọkọ tó fẹ́ kò burú, àmọ́ ọmọ náà kì í rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó ní èyí tó kọ́kọ́ wá yẹn, ọmọ oníyanrìn, òun fẹ́ràn rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí kò wá ló bà á jẹ́.

Èmi ni mo béèrè. Mo rò pé èsì rẹ̀ á tù mí nínú. “Alhaja, ká ní ẹ̀gbọ́n náà wá, tó wá jẹ́ pé obìnrin ni ńkọ́? Ṣé ẹ ò ní lé e?”

Ìyá náà wò mí bí ẹni tí kò ti ilé rere wá. “Lé e kẹ̀? Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, ta ló ṣíwájú wọn? Ṣe bí ẹ̀gbọ́n Alhaji obìnrin ni. Òun ló sọ̀rọ̀, òun ló fọ ẹsẹ̀ mi lẹ́nu ọ̀nà, òun ni mo ń kúnlẹ̀ kí ní ‘ọkọ mi’ títí Ọlọ́run fi pè é. Ọmọ obìnrin ilé kì í ṣe ọkọ ìyàwó ni? Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí! Alhaji ò wá irùngbọ̀n. Ẹni tó máa ní ‘mo mọ ọmọ yìí’ ló ń wá.”

Ilẹ̀ ò lanu gbé mi mì. Ẹ gbọ́ ná: èmi fúnra mi, àbúrò ọkọ mi obìnrin, tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún jù lọ, “ọkọ mi kékeré” ni mò ń pè é dòní olónìí. Òun ló mú mi wọlé lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Kò sí ohun tí Alhaja sọ tí mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Fúráìdè yẹn, nígbà tó yẹ kí n rántí, ẹ̀rín ni mò ń rín.

Oyèṣọlá gbé irin iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó dìde, ó kúnlẹ̀.

“Alhaja, kò sí ọ̀gá níbí. Èmi ni ọ̀gá. Èmi náà ni ẹ̀gbọ́n Kàmọ́rù.”

Ó sọ gbogbo rẹ̀, láti orí irùngbọ̀n dé orí “mo wà lọ́nà.” Kò dárúkọ mi rárá. Èmi ni mo dárúkọ ara mi. Òjò ń rọ̀, Alhaja yíjú sí Oyèṣọlá.

“Níbo lo wà lọ́jọ́ náà?”

“Abẹ́ igi tó wà níwájú ilé yín.”

“Aláṣọ ewé,” ni Alhaja wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. “Mo rí ẹ. Mo yọjú lójú fèrèsé. Mo rò ó lọ́kàn pé kí n ní kí wọ́n pè ẹ́ wọlé, kó o wá jókòó, òòrùn ti pọ̀ jù.”

Kò bú u. Ó fà á dìde, ó gba fóònù rẹ̀, ó gba inú òjò tó kù lọ.

Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá béèrè ọ̀gá, Oyèṣọlá á ní, “Èmi nìyí.” Àwọn kan máa ń gbé fóònù wọn lọ lóòótọ́. Àwọn kan máa ń jókòó. Kò pa Àkànní rẹ́, nítorí bí Kàmọ́rù bá padà wá, orúkọ yẹn ló máa wá. Lọ́sàn-án, tọ́wọ́ rẹ̀ bá dilẹ̀, á mú Àkànní lọ dúró sí ẹnubodè ìlú náà, níbi tí òun àti Kàmọ́rù ti máa ń pàdé. Ó ti kọ ọ́ sábẹ́ orúkọ rẹ̀, níbi tí gbogbo èèyàn ti lè kà á pé, “Obìnrin ni mí. Oyèṣọlá lorúkọ mi. Mo mọ Kàmọ́rù, ọmọ dáadáa ni.” Ìdajì ẹgbẹ́ rẹ̀ ti lọ nítorí rẹ̀, kò sì dùn ún. Ẹni tó kọ ọ́ fún ni kò tíì kà á.